Bàbá onílù àti fíìmù méjìlélógún: àkọsílẹ̀ bí a ṣe bá wọn wá ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀

Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Onílù ni wọ́n, ọmọ onílù, ní Ìlọrin níbí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í sì í jáde òde àríyá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ọjọ́ kan kọjá kí ẹnìkan má gbé ìlù wá bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún àtúnṣe. Ẹni tó gbé ẹ̀bẹ̀ wá ni ọmọ-ọmọ wọn, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ó ní kí Bàbá Àgbà bá òun wo àwọn fíìmù Marvel, àwọn fíìmù akọni tí ìtàn wọn so kọ́ra, láti orí àkọ́kọ́ títí dé Avengers: Endgame.

Bàbá kì í wo fíìmù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àlááji ni wọ́n. Kò kàn fà wọ́n mọ́ra rí ni. Rédíò ni tiwọn. Tí wọ́n bá ti yí i sí Harmony FM láti Ìdófìàn láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Bí kì í bá ṣe rédíò, kásẹ́ẹ̀tì dadakúàdà ni, Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó, tí wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Bí gbogbo ilé bá kó jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ ó ti bá wọn, awọ àti ọ̀ṣán lọ́wọ́.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nílé púpọ̀. Ọmọ á fẹ́ràn nǹkan, á wá fẹ́ kí ẹni tó sún mọ́ òun bá òun fẹ́ràn rẹ̀. Àgbàlagbà náà kò ní fẹ́ já a kulẹ̀, ṣùgbọ́n iye wákàtí tí nǹkan náà máa gbà á kó o láyà sókè. Àwọn tó mọ fíìmù wọ̀nyí dáadáa ló sì sábà máa ń da ọ̀rọ̀ náà rú, torí pé ètò tí wọ́n máa ń là sílẹ̀ kì í wo ẹni tó fẹ́ wò ó.

Ohun tí ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún

Kì í ṣe nǹkan kékeré. Iron Man ló ṣí i ní ọdún 2008, Endgame sì jáde ní 2019. Tí a bá ka àwọn méjèèjì mọ́ ọn, fíìmù 22 ni. Mo jókòó ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 48, Endgame nìkan sì ju wákàtí mẹ́ta lọ. Òmíràn ti ń jáde láti ìgbà náà, ọmọ náà kò tilẹ̀ dárúkọ ìyẹn.

Kò lè sọ pé kí Bàbá kàn wo Endgame nìkan, nítorí kò sí èyí tó dá ìtàn tirẹ̀ sọ tán nínú wọn. Ẹni tó kú nínú ọ̀kan, inú òmíràn ni wọ́n ti ń gbẹ̀san rẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń kọjá lọ, tí èèyàn ti ń na ọwọ́ láti pa á, ìran kékeré kan á tún yọ, á máa tọ́ka sí èyí tó ń bọ̀. Láti orí Iron Man ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, níbi tí Samuel L. Jackson ti yọ sí Tony Stark, ẹni tó ń jẹ́ Iron Man, nínú ilé rẹ̀ lóru.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, méjìlélógún? Ta ló máa bá mi fa ọ̀ṣán?"

Ọmọ náà ní òun á máa bá wọn fà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó lọ pe àwa àgbà ilé wá.

Ohun tó ń kọ Bàbá lóminú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn ń yára jù fún wọn, ojú wọn kò sì lè bá ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń sáré nísàlẹ̀ mu. Wọn kò fẹ́ràn kí ilé máa wó lu èèyàn kí ó sì jẹ́ eré. Èyí tí mo rò pé ó máa le jù ni ti Thor. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé pé ẹnìkan wà nínú rẹ̀ tó ń fi òòlù pe àrá, wọ́n sì bi mí bóyá òrìṣà ni. Mo ní lóòótọ́, òrìṣà àrá ni Thor lọ́dọ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù nígbà láéláé, àmọ́ ẹ̀dá láti ayé mìíràn ni wọ́n fi í ṣe nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́.

Wọ́n ní, "Kò burú. Ṣàngó gan-an, àwọn oníbàtá ló ń lù fún un. Dùndún ni tèmi." Bí ìyẹn ṣe tán nìyẹn.

Iyàn ilé

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bàbá ọmọ náà, ní bí wọ́n ṣe jáde ni ká ṣe wò wọ́n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣe é ṣe ń tú ìdí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin kò gbà. Ó ní bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra ni ká tẹ̀ lé: ká bẹ̀rẹ̀ lórí Captain America: The First Avenger, tó jáde ní 2011 ṣùgbọ́n tí ìtàn rẹ̀ wà nígbà ogun Hítílà, ká wá bọ́ sórí Captain Marvel, tó jáde ní 2019 tí ìtàn rẹ̀ sì wà ní 1995. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, mo sì rí i pé kò sí èyí tó bi Bàbá ní ìbéèrè kankan. Ètò tí wọ́n ń jà lé lórí dára fún ẹni tó ti pinnu pé òun á wo gbogbo rẹ̀. Bàbá kò tíì pinnu pé àwọn á wo ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ló borí, torí òun ló ni dísíìkì. Lẹ́yìn ìrun Iṣá, a gbé Iron Man sí i. Ọkọ̀ sójà ń sáré nínú aṣálẹ̀ Afghanistan, orin onígìtá ń pariwo, ọkùnrin olówó kan jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Kò pẹ́, àdó olóró já lulẹ̀ níwájú rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Bàbá ní, "Ohun tó ń tà ló padà wá bá a." Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, òun náà wò mí, nítorí ibi tí fíìmù yẹn ń lọ látòkèdélẹ̀ nìyẹn, Bàbá sì ti mú un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ọkùnrin náà padà délé láti rọ ẹ̀wù irin kejì, wọ́n ti sùn lọ.

Láàárọ̀ wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ní, "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi, ìyàwó mi. Ó tó bẹ́ẹ̀." Ọmọ náà dá dísíìkì padà sínú páálí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.

Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹnu Robert Downey Jr., tó ṣe Iron Man, ni ìdajì adùn rẹ̀. Ó ń sáré sọ̀rọ̀, ó ń dá àpárá lé àpárá, kí ògbufọ̀ tó túmọ̀ ọ̀kan, mẹ́ta ti kọjá. Fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn, n kò mọ ibẹ̀rẹ̀ tó burú ju ìyẹn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ayé kọ́kọ́ wò. Kí la máa lò tí kò nílò ògbufọ̀? Mo ti dé ẹnu ọ̀nà Bàbá kí ìdáhùn rẹ̀ tó sọ sí mi lọ́kàn: etí.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà

Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gángan kan wà láàárín orúnkún wọn. Wọ́n ti gbé awọ tuntun lé e lójú méjèèjì, wọ́n ń fa ọ̀ṣán lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà wò, wọ́n á dẹ èyí, wọ́n á le èyí. Mo gbé súpíkà ẹ̀gbọ́n mi sórí àga, n kò sọ ohunkóhun, mo sì tan orin Black Panther, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà. Kò sí àwòrán, orin nìkan ni.

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí ọ̀ṣán. "Ta nìyẹn?"

Mo ní kí wọ́n ṣáà máa gbọ́. Wọ́n tẹ́tí sí i síwájú. "Kì í ṣe ará ibí. Ó ń fi ọ̀pá lù ú, ó tún ń fi ìka ọwọ́ kejì lù ú. Ìlù náà kéré, ó tó kànnàngó."

Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ludwig Göransson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló to orin fíìmù yẹn. Kó tó kọ ọ́, ó rin ìrìn àjò lọ sí Senegal, ó bá Baaba Maal, gbajúgbajà olórin ibẹ̀, káàkiri. Ibẹ̀ ló ti pàdé Massamba Diop, onítama. Tama ni ìlù kékeré abẹ́ apá tí àwọn ará ibẹ̀ ń lù. Ọ̀pá wà ní ọwọ́ kan, ìka ọwọ́ kejì sì ń ṣiṣẹ́ lójú awọ. Göransson gba Oscar lórí orin náà ní 2019. Mo sọ èyí fún Bàbá, wọ́n mi orí, kì í ṣe Oscar ló jẹ wọ́n lógún.

"Kí ni ìlù yẹn ń sọ?"

Mo ní orúkọ ọba ni, T'Challa; ìgbàkígbà tí ọba náà bá fẹ́ yọ, ìlù á kọ́kọ́ pè é. Wọ́n ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n tún ní kí n dá a padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ẹjọ́ tiwọn: "Ó pè é dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Onílù kì í pe ọba kó má pe baba rẹ̀."

Mo ní ẹlòmíràn ló pe baba. Mo wá ibi tí ohùn Baaba Maal ti ta sókè fún wọn, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ọba ti ń wọ ìlú bọ̀. Èdè Fúlàní ni ó fi ń kọrin níbẹ̀, ohun tó ń sọ sì ni pé erin kan ti kú. T'Chaka, baba T'Challa, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wàjà. Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé wá jọba. Bàbá gbé gángan náà kúrò láàárín orúnkún. "Erin wó," ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn ìyẹn: "Àwọn yẹn mọ iṣẹ́ wọn. Fíìmù wo ló wà nínú rẹ̀?"

Ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà látẹ̀yìnwá. Kí n tó dáhùn, ó ti lọ gbé páálí dísíìkì.

Bí Bàbá ṣe wo Black Panther

A ṣètò rẹ̀ lọ́nà tó bá wọn lára mu. Súpíkà ẹ̀gbọ́n mi la so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, nítorí ohùn tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò lè gbé ìlù. Ọmọ náà jókòó ti Bàbá lọ́tùn-ún, òun ni ògbufọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè, a dá a dúró, a ṣàlàyé. Ìdajì la wò lálẹ́ àkọ́kọ́, ìdajì kejì di ọjọ́ kejì. Mo gba gbogbo ilé tó bá wà ní irú ipò yìí níyànjú pé kí wọ́n má fi dandan lé wíwò ó tán lẹ́ẹ̀kan. Fíìmù tó ju wákàtí méjì lọ pọ̀ lójú ẹni tí kò wo fíìmù rí.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni a dé inú igbó kan lóru, ọkọ̀ tó kó àwọn obìnrin tí wọ́n jí gbé ń bọ̀. Ọmọ náà ka ohun tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n: Sambisa, Nàìjíríà. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n rántí ọdún 2014, wọ́n rántí Chibok, wọ́n ní ṣé àwọn tó ṣe fíìmù yìí gbọ́ nípa tiwọn ni? Mo ní 2018 ni fíìmù náà jáde, wọ́n ti gbọ́ dájúdájú. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí kò tíì padà délé, a sì tẹ̀ síwájú.

Ìjà oyè lẹ́bàá ìsun omi ló gbà wọ́n lọ́kàn pátápátá. Ọba ní láti mu nǹkan tó gba agbára àrà ọ̀tọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí ó tó lè bá ẹni tó bá fẹ́ dù ú lóyè jà. Bàbá ní ìyẹn dára, pé kí ọba dúró gẹ́gẹ́ bí èèyàn níwájú àwọn ìjòyè. Ọmọ náà, tó jẹ́ pé ìlú Àbújá ni wọ́n ti tọ́ ọ, ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ̀rọ̀ oyè lédè Yorùbá, Bàbá sì ń bá a wá a. N kò ro ìyẹn tẹ́lẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Nígbà tó di ti Killmonger, ẹni tó wá du oyè mọ́ T'Challa lọ́wọ́, tí Michael B. Jordan ṣe, Bàbá ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Fèrè kan wà tó ń tẹ̀ lé e. Ọmọ náà kò tíì rí ẹnikẹ́ni lójú tẹlifíṣọ̀n tí Bàbá fi ní, "Onífèrè ti dé." Fèrè Fúlàní ni, Amadou Ba ló fọn ọ́ fún Göransson ní Senegal. Ìlọrin la wà, etí Bàbá ti gbọ́ fèrè Fúlàní láti kékeré. Kò sẹ́ni tó ní láti júwe rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn fèrè yẹn ni ìlù ẹ̀rọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ lé e, nítorí Oakland ni wọ́n ti tọ́ ọkùnrin náà dàgbà. Bàbá ní kí n má ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn, pé àwọn ti gbọ́ ọ: ilé ń bẹ lápá kan, òde ń bẹ lápá kejì.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London ni ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ fi ara hàn, tó ń bi obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti rí ohun ọnà kọ̀ọ̀kan, tó sì sọ fún un pé àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ló kó ọ̀kan nínú wọn ní Benin. Bàbá ní kí a dá a dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Èsìẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Bàbá ti lùlù dé ìlú yẹn nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n rí àwọn ère tó ti kán lọ́rùn. Ọmọ náà kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní Kwara. A pẹ́ lórí èyí ju orí fíìmù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú.

Nínú ẹjọ́ oyè náà, ẹ̀yìn Killmonger ni Bàbá wà. Ọba T'Chaka ló pa àbúrò tirẹ̀ ní Oakland ní 1992, ó sì fi ọmọ àbúrò náà, Killmonger yìí, sílẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ pa baba, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún ìgboro, ó wá dàgbà tán, ẹ ní ó ya ìpáǹle. Ọmọ oyè lẹ sọ nù." Ọmọ náà ní ṣùgbọ́n ó pa èèyàn. Bàbá ní òótọ́ ni, ìyẹn kò mú kí ẹ̀bi kúrò lórí ẹni tó ṣáájú. Wọ́n bá ara wọn fà á bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, nígbà tí ọkùnrin náà ń kú lọ, tó ní kí wọ́n sin òun sínú òkun pẹ̀lú àwọn baba ńlá òun tó bẹ́ sínú omi láti inú ọkọ̀ ẹrú, Bàbá ní kí ọmọ náà tún un sọ fún àwọn, kó rọra sọ ọ́.

Kí wọ́n tó dìde, ọmọ náà sọ fún wọn pé Chadwick Boseman tó ṣe T'Challa ti kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ẹni ọdún 43, àrùn jẹjẹrẹ ìfun. Bàbá ní kí Ọlọ́run forí jì í, wọ́n bèèrè àwọn òbí rẹ̀, wọ́n bèèrè ìyàwó. Ọmọ náà ní fíìmù kan wà ní 2022 tí wọ́n ti sin ọba náà. Wọ́n ní tí a bá débẹ̀.

Ètò tuntun

Ìbéèrè tí Bàbá gbé dìde lọ́jọ́ kejì ló tò ó fún wa. "Níbo ni erin yẹn wó sí? Mo fẹ́ mọ ibi tí baba rẹ̀ kú sí."

Inú Captain America: Civil War ni, tó jáde ní 2016. Ìlú Èkó sì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀! Àwọn akọni wá ká ọ̀daràn kan mọ́ Èkó, àdó olóró bú, ó pa àwọn ará Wakanda, ilẹ̀ tí T'Chaka ń jọba lé lórí, tó wá ṣe iṣẹ́ àánú. Torí ìyẹn ni ìjọba àgbáyé fi ní kí àwọn akọni fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á wà lábẹ́ àṣẹ, níbi ìpàdé yẹn ní Vienna sì ni bọ́ǹbù ti pa T'Chaka. Bàbá, tó ti lùlù ní Mushin àti Agége fún ọdún gbọọrọ, wo ọjà tí wọ́n fi ṣe Èkó, wọ́n ní ibẹ̀ kọ́. Òótọ́ ni, Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya ibẹ̀.

Nígbà tó di àárín fíìmù náà tí Iron Man tún yọ, wọ́n bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò rí: "Ta ni onílù ọkùnrin onírin yìí? N kì í gbọ́ ọ tó bá ń bọ̀."

Mo wá ìdí rẹ̀. Fíìmù mẹ́ta ló jẹ́ ti Iron Man fúnra rẹ̀, ẹni mẹ́ta ló sì to orin wọn: Ramin Djawadi ní 2008, John Debney ní 2010, Brian Tyler ní 2013. Onílù kọ̀ọ̀kan mú oríkì tirẹ̀ wá. Mo gbà pé àìpé ńlá ni èyí nínú gbogbo iṣẹ́ Marvel, pé ẹni tó ṣí ìtàn náà kò ní ohùn kan ṣoṣo tí èèyàn lè fi mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Àmọ́ àwọn mìíràn ní in. Alan Silvestri ló to orin The First Avenger ní 2011 àti The Avengers ní 2012. Ohùn tó dá fún àwọn Avengers, ẹgbẹ́ àwọn akọni náà, ni ó padà gbé wá nígbà tí wọ́n pè é fún Infinity War ní 2018 àti Endgame ní 2019. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ ní 2012 á mọ̀ ọ́n tó bá dé ìparí, yálà ó lóye Gẹ̀ẹ́sì tàbí kò lóye rẹ̀.

Orí èyí ni mo gbé ètò náà kà. Lẹ́yìn Black Panther àti Civil War: The First Avenger, The Avengers, Infinity War, Endgame. Ẹ̀gbọ́n mi ní n ti fo ohun tó pọ̀ jù. Mo ní èyí tí a fo, ẹnu la máa fi sọ ọ́. Ọmọ ilé wa ni ògbufọ̀, ó mọ gbogbo rẹ̀. Ẹyọ kan péré ni ọmọ náà bẹ̀ mí pé ká dá padà, Guardians of the Galaxy ti 2014, nítorí Gamora àti Nebula, àwọn ọmọ Thanos, ọ̀tá ńlá tí àwọn akọni náà ń bá jà nígbẹ̀yìn. Ó ní ẹni tí kò bá mọ àwọn méjì yẹn, ohun tí bàbá wọn ṣe nínú Infinity War kò ní dùn ún. Ó tọ̀nà, mo fi kún un. Nínú fíìmù yẹn pẹ̀lú, ọkùnrin kan ń gbé kásẹ́ẹ̀tì orin tí ìyá rẹ̀ tó ti kú fún un kiri. Mo ro kásẹ́ẹ̀tì Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò Bàbá, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa gbà á. Méje ni gbogbo rẹ̀ wá jẹ́, kò tó wákàtí 17.

Àbúrò wa ṣì ń sọ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyẹn. Bàbá ní kó lọ wo tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

The First Avenger ya gbogbo wa lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan lọ ogun Bọ́má, nítorí náà ayé tí ìtàn náà wà kò ṣàjèjì sí Bàbá: ọ̀dọ́mọkùnrin tíńrín kan tí àwọn ológun kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́lòó kan, tó sì ń padà lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá wọn yẹn fún ọmọ náà láàárín fíìmù, apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ tuntun sí èmi pàápàá. The Avengers pariwo jù fún wọn, ilé tó wó níbẹ̀ pọ̀, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ̀yìn ti ara wọn ní ìgboro New York, tí kámẹ́rà ń yí wọn ká, tí orin Silvestri gbéra, wọ́n lu ìró rẹ̀ sórí apá àga pẹ̀lú ìka méjì, wọn kò ṣì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí gángan tí wọ́n ń tún ṣe fún ẹlòmíràn.

Ọmọ náà ti padà sí ilé-ìwé. Guardians, Infinity War àti Endgame ló kù, ìsinmi tó ń bọ̀ la sì fi wọ́n sí. Bàbá ti gba dísíìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, inú àpótí tí wọ́n ń kó awọ sí ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ọ̀kankan nínú wọn kí ìyàwó àwọn tó dé.